Ṣé ilé oúnjẹ kan ní Abẹ́òkúta lè gba ìràwọ̀ Michelin?

Kò tíì lè gbà á, torí pé títí di ìparí ọdún 2024, ìwé Michelin, ìwé atọ́nà tó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù lọ́lá, kò tíì dé Nàìjíríà, ibi tí ìwé náà bá sì dé nìkan ni ìràwọ̀ ń dé. Àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ kì í sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n á jẹun, wọ́n á sanwó bíi oníbàárà yòókù. Ohun tó wà nínú abọ́ ni wọ́n ń wò: bí èròjà ṣe dára tó, bí ọwọ́ alásè ṣe mọ iṣẹ́, bí adùn ṣe bára mu, àrà tó jẹ́ ti alásè fúnra rẹ̀, àti kí oúnjẹ má yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù: bí ọ̀fadà bá mọ́ lónìí, tí òkúta wẹ́wẹ́ wá ń ró lẹ́nu lọ́la, ó ti bọ́ nìyẹn. Àga olówó ńlá kì í mú ìràwọ̀ wá. Ìràwọ̀ mẹ́ta ló pọ̀ jù tí ilé oúnjẹ kan lè gbà. Oníbàárà láti òkèèrè máa ń tẹ̀lé ìràwọ̀, ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Oúnjẹ wa kọ́ ni ìdíwọ́: Chishuru, ilé oúnjẹ Adejoké Bakare ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìràwọ̀ kan ní 2024.