Ẹ Bi Ìyá Alásè: Ṣé Biryani Ni Wọ́n Tà Fún Mi Yìí?

Ìbéèrè: Ìyá Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wa pé ọdún méje, mo mú ìyá àwọn ọmọ lọ sí ilé oúnjẹ kan níbí ní Ìkòròdú tí wọ́n kọ ọ́ síwájú pé oúnjẹ Íńdíà ni àwọn ń tà. A ní kí wọ́n gbé biryani wá. Ìrẹsì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni, kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé itan adìyẹ díndín lé e lórí. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ìrẹsì díndín Sábó lọ. Ìyàwó mi ní wọ́n rẹ́ wa jẹ ni. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ojúlówó?
Bàbá Ìbejì, Ìgbógbó

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dáná fún ìdílé ará Íńdíà kan tí bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní Odògúnyàn. Màmá àgbà ilé náà ló kọ́ mi ní biryani. Ìrẹsì basmati gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọn kì í bọ̀ ọ́ jinná tán. Ẹran tí wọ́n ti fi yógọ́ọ̀tì, atalẹ̀, aáyù àti ata rẹ sílẹ̀ ló ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ìrẹsì á gorí rẹ̀, àlùbọ́sà díndín á gorí ìrẹsì. Màmá á wá po ìyẹ̀fun, á fi lẹ ọmọrí mọ́ ẹnu ìkòkò pinpin kí ooru má ráàyè jáde, á sì dín iná kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i kí àkókò tó tó, ṣe ni màmá káwọ́ lérí.

Nítorí náà, ẹ ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀ abọ́: inú ìrẹsì ló yẹ kẹ́ ẹ ti bá ẹran. Ìrẹsì funfun àti èyí tó pọ́n yẹ kó dàpọ̀ mọ́ra, hóró kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kọ́rì inú agolo ni wọ́n dà sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló pò ó pọ̀ fún títà, màmá kò ní in nílé rárá. Kúmínì, atalẹ̀ pupa, kànáfùrù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà nínú ike.

Èmi kì í tiẹ̀ kọ́kọ́ béèrè biryani. Dal ni mo máa ń béèrè, ìyẹn ẹ̀wà wẹ́wẹ́ wọn, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀wà sè, kí ló fẹ́ fi ẹran bò? Lẹ́yìn náà ni naan, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn. Ara inú ààrò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tandoor ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ojú rẹ̀ á wú, á jóná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́jú. Tí wọ́n bá sọ pé àwọn kò ní ààrò, mi ò ní bínú. Roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn mìíràn, ni kẹ́ ẹ gbà nígbà náà, orí páànù ni wọ́n ti ń yan ìyẹn nínú ilé wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ata dá wọn lẹ́jọ́. Láti Amẹ́ríkà ni ata ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé Íńdíà lẹ́yìn tí Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí Calicut ní 1498. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn ni kì í ta.

Ìbéèrè: Màámi, ọmọ mi obìnrin kò jẹ ẹran mọ́. Kí ló lè jẹ nílé oúnjẹ Íńdíà?
Ìyá Ọlọ́mọge, Ẹ̀bùté

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í jẹ ẹran. Kó béèrè paneer. Wàrà wa ló jọ: ewé bọmubọmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń mú paneer dì. Àmọ́ tí kì í bá mu mílíìkì pẹ̀lú, kó bi wọ́n nípa ghee kó tó jẹ dal. Bọ́tà màlúù ni, wọ́n sì máa ń dà á sórí rẹ̀.