Ta Ló Mọ Ìkòkò Náà?

Lẹ́tà yìí wá láti Ìkòròdú, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò, tó sì ní yàrá tó ń pàtẹ wọn sí. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn oníbàárà gba ojú omi láti Èkó wá sí èbúté Ìpakodò. Ọ̀kan nínú wọn gbé àmù kékeré kan sókè, ó ní, "Ta ló mọ eléyìí?" Kí màdáàmù tó lanu, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti dáhùn níbi tó ti ń nulẹ̀: "Èmi ni, mà." Ojú ti màdáàmù. Ó lé ọmọ náà lọ sílé, ó ní àfi tí ìyá rẹ̀ bá wá bẹ òun. Ó wá ń bi mí bí òun ṣe máa tún orúkọ òun ṣe lọ́dọ̀ oníbàárà yẹn, àti bóyá kí òun kó iṣẹ́ lọ sí Lẹ́kí, nítorí ará Ìkòròdú ò mọyì iṣẹ́ ọwọ́.

Màdáàmù, ẹ fi Lẹ́kí sílẹ̀ ná. Gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà yín tí ẹ sáré kọjá lórí ẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún: "Lóòótọ́ òun ló mọ ọ́n o, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló ń wà nídìí gbogbo ìkòkò, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ta ni "a"?

Ẹ mọ̀ ju mi lọ pé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí wíìlì tí ẹ fi ń yí amọ̀ ti rọ̀ jù, kò ṣeé kọ nǹkan sí. Ó di kó gan díẹ̀ kí ẹ tó dojú ẹ̀ dé, kí ẹ fá ìdí ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ṣóńṣó ìṣó ń wọ amọ̀ wẹ́rẹ́. Tó bá ti wọ ààrò tó jáde, ohun tẹ́ ẹ kọ ti di títí láé. Ẹ ó gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ dání, ipa ìka rẹ̀ ṣì ń yí po nínú ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu, ẹ ó wá mú ìṣó, ẹ ó kọ orúkọ yín. Ẹ sì ti ń ṣe é fún ọdún márùn-ún.

Àní ọdún márùn-ún! Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọdún mẹ́ta lẹ bá ìyá rẹ̀ dá, pé ẹ "ò tí ì ráyè" ṣe ìyọ̀ǹda fún un. Ẹ ráyè ra ààrò onígáàsì. Ẹ ráyè dárúkọ ajá tó ń ṣọ́ géètì yín fún mi, bẹ́ẹ̀ ojú ìwé mẹ́rin lẹ kọ, mi ò rí orúkọ ọmọ náà níbì kankan. Ẹ tún wá ń pòwe fún mi pé ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ìdí ọmọ ti ń gbóná láti ọdún márùn-ún wá, ta ló ń jata?

Ẹ ní kò síbi tí wọn ò ti ń ṣe é. Ẹ mú ogún náírà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ladi Kwali nìyẹn. Ó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré kó tó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tó wà ní Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí, ní 1954. Òyìnbó kan, Michael Cardew, lọ̀gá ibẹ̀. Èdìdì ilé iṣẹ́ wà lára ìkòkò, LK ti Ladi náà wà níbẹ̀. Ṣé Cardew lẹ rí lẹ́yìn owó?

Mo mọ̀ pé mò ń jágbe. Mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán rí ní Àgbádárìgì. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ ọnà sí ọrùn bùbá ìyàwó kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ìyàwó wá gbé e wò, tó ń ki ọ̀gá mi, tí ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín, ìkúnlẹ̀ ni mo wà nílẹ̀ tí mò ń ṣa abẹ́rẹ́. Mi ò ní ẹnu tí ọmọ yín ní.

Ìyá rẹ̀ ò ní wá bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ máa lọ, kí ẹ mú ọjọ́ ìyọ̀ǹda dání lọ. Ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọjà sí lọ pẹ̀lú, kí ẹ jọ ṣírò ohun tó mọ lẹ́yìn ọdún kẹta. Tó bá fẹ́ dúró, owó oṣù, kó sì máa kọ orúkọ ara rẹ̀. Tó bá ní Igbógbò lòun ti fẹ́ ṣí tòun, ẹ fún un ní amọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti oníbàárà yẹn, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ ní ọmọ náà ò purọ́. Tó bá ní òun fẹ́ méjì sí i, ẹ sọ fún un pé ẹ ti lé ẹni tó ń mọ ọ́n lọ sílé.