Ibi tí owó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ iná ń gbà lọ: ìdáhùn fún àbúrò wa tó fẹ́ fi báńkì sílẹ̀

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè ẹ kí n tó fèsì. O ní ọdún kẹfà rèé tó o ti ń kọ sọ́fítíwià fún báńkì kan ní Broad Street, o sì ń gbọ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ti ń náwó gidi sórí kọ̀ǹpútà báyìí, ṣé kó o kúrò kó o lọ máa ṣe app fún wọn, àti pé apá ibo gan-an lowó yẹn ń gbà lọ. Èmi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún kejì tí ìjọba gbé PHCN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, November 2013 nìyẹn. Mo ti jèrè níbẹ̀, mo ti jẹ gbèsè níbẹ̀, ohun tí ojú mi rí ni màá sọ fún ẹ.

Owó wà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ app tó o ń rò yẹn kọ́ lowó ń bá rìn. Mítà ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Ní 2009 tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba wọn ya dọ́là bílíọ̀nù 4.5 sọ́tọ̀ láti fi sọ ètò iná wọn di tìgbàlódé, mítà olóye sì jẹ nínú ẹ̀ dáadáa. Íńdíà gbé tiẹ̀ dé ní 2021, mítà alásansílẹ̀ mílíọ̀nù 250 ni wọ́n láwọn fẹ́ fi sílé àwọn èèyàn. Tiwa náà, MAP tó dé ní 2018, ìyẹn ètò tó gba àwọn aládàáni láyè láti máa pèsè mítà, ètò mítà ti ìjọba àpapọ̀ ní 2020, dọ́là mílíọ̀nù 500 tí World Bank fọwọ́ sí ní 2021, mítà wà nínú gbogbo ẹ̀. Ohun téèyàn kì í tètè rí ni gbogbo nǹkan tó ń tẹ̀ lé mítà. Mítà olóye ní sím nínú bíi fóònù, sím yẹn ń jẹ dátà lóṣooṣù, ó ń fẹ́ server tó máa gba ohun tó ń sọ, server náà ń fẹ́ ẹni tó máa dúró tì í lóru, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì owó mítà ni wọ́n á kọ sílẹ̀ wọ́n á gbàgbé ìyókù. Mo mọ ẹ̀sítéètì kan tí gbogbo mítà ẹ̀ dákẹ́ fún oṣù méjì torí pé wọn ò san owó sím. Iná ń tàn nínú ilé, mítà ń kà, wọn ò kàn rí nǹkan kan lọ́fíìsì ni, àfìgbà tí wọ́n rán àwọn ọmọ lọ fojú ka mítà láti ojúlé dé ojúlé.

Ibi tí ojú mi ti là gan-an ni iṣẹ́ kan tá a ṣe ní 2019, àdúgbò kan ní mainland tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n gbà wá ká lọ bá wọn ka àwọn kọ́sítọ́mà wọn, ilé wo ló ń jẹ iná lórí tiransifọ́mà wo, tiransifọ́mà wo ló wà lórí fídà wo, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá fún tiransifọ́mà. Ọmọ méjìlá, táblẹ́ẹ̀tì méjìlá. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa gbà wá, oṣù márùn-ún la lò. Títì kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà 14 mẹ́ta wà lórí ẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ilé alájà, ọ̀kan jẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ìkẹta ni ilé ìyá kan tó ń dín àkàrà níwájú ilé. Bí ìyá yẹn ṣe rí jákẹ́ẹ̀tì tá a wọ̀ báyìí, ó gbé ṣíbí àkàrà dúró lókè epo, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé iná lẹ tún wá já?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọn, mo ní, "Rárá o, Mà, ẹ kú iṣẹ́, Mà, a kàn fẹ́ mọ ibi tí iná yín ti ń wá ni." Wọ́n fi ṣíbí yẹn júwe tiransifọ́mà kan ní ìkángun títì tí koríko ti hù bò, wọ́n ní, "Tọ̀hún yẹn la wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó jó, a retí wọn títí, wọn ò wá, la bá dáwó, àwọn ọmọ àdúgbò sì fa wáyà wa sí ti ẹ̀yìn mọ́sálásí." Nínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́, ilé ìyá yẹn ṣì wà lórí tiransifọ́mà tó jó. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, ti bàbá ọkọ wọn ni, ẹni tó ti kú látayé NEPA.

O lè ní kí ló kan sọ́fítíwià nínú ìyẹn. Ó kàn án gan-an. Ilé iṣẹ́ iná mọ iye iná tó gba orí fídà kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n mọ iye tí wọ́n tà fún àwọn tí wọ́n kọ sábẹ́ fídà yẹn, ohun tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ni àdánù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń jí iná. Tí igba ilé bá wá wà lábẹ́ fídà tí kì í ṣe tiwọn, fídà kan á dà bí ibi tí olè kún, èkejì á dà bíi pé gbogbo wọn ń sanwó, wọ́n á wá kó àwọn ọmọ lọ síbi tí ò sólè. Látìgbà tí bándì, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín kọ́sítọ́mà sí nípa iye wákàtí iná, ti dé ní 2020 ló sì ti wá burú sí i, torí fídà ló ń sọ bándì téèyàn wà. April 2024 ni Band A kúrò ní 68 náírà bọ́ sí 225 náírà fún kílówáàtì wákàtí kan, fún àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Ìlà kan péré tí wọ́n bá kọ gbòdì nínú kọ̀ǹpútà, ìyá alákàrà lè máa san owó iná tí wọn ò rí, tàbí kí ilé iṣẹ́ máa ta iná olówó ńlá ní owó pọ́ọ́kú, wọn ò sì ní mọ̀.

Ilé iṣẹ́ yẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n dúpẹ́, àmọ́ wọn ò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó máa máa tún un ṣe bí wáyà ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ wáyà ń yí lójoojúmọ́ ní Èkó yìí. Kò pẹ́ ni wọ́n ra sọ́fítíwià bíllì láti òkè òkun, owó gọbọi, wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọ inú ẹ̀ bó ṣe wà. Lóṣù kejì crazy bill dé, àwọn èèyàn ń tò síwájú ọ́fíìsì undertaking láti aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn àgbàlagbà gbé bíllì dání, wọ́n ń bínú, wọ́n sì jàre. Ó dùn mí wọra torí iṣẹ́ oṣù márùn-ún wa wà nínú fláàṣì kan nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan nílé yẹn kan náà, kò sẹ́ni tó gbé e jáde. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun nìyẹn: owó tí wọ́n ń ná sórí mímọ ẹni tó ń jẹ iná àti ibi tó ti ń jẹ ẹ́ ló kéré jù, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ó kan ọ̀rọ̀ dọ́là. Fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ní March 2023 mo tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ mìíràn, ọdún méjì, náírà ni wọ́n máa fi san án. Láísẹ́ǹsì máàpù tí mò ń lò, dọ́là ni. Server orí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni. Ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì. June ọdún yẹn ìjọba tú u sílẹ̀, nígbà tó fi máa di àárín 2024 ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,500. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí tó ní tí dọ́là bá yí kí owó mi náà yí. Invoice tí wọ́n ní ọgbọ̀n ọjọ́ làwọn máa fi san, oṣù méje ló gbà wọ́n. Mo ta Camry mi, mo ta ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì tí mo ní ní Ìkòròdú, kí server má bàa kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń tètè jí kó lè bá mi wọ danfo jáde láàárọ̀. Látìgbà yẹn, QGIS fún máàpù àti PostgreSQL fún àkọsílẹ̀ ni mò ń lò, wọn kì í gba owó láísẹ́ǹsì, ohunkóhun tó bá sì jẹ́ dọ́là, mo máa ń kọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú àdéhùn pé iye tí dọ́là bá jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ san ni wọ́n máa san. Ẹni tó bá kọ̀ ìlà yẹn, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: ilé iṣẹ́ iná kì í ná owó bí báńkì ṣe ń ná an. Wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní PIP, ibẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ rà sí, wọ́n á gbé e lọ fún NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ló lè wọ inú owó iná tí aráàlú ń san. Tí ohun tó ò ń tà ò bá sí nínú ìwé yẹn, ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ ní mítìnì ò lágbára àtirà á, wàá kàn máa lọ máa bọ̀ ni. Ìdí kan náà ló mú kí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná lókè òkun pẹ́ kí wọ́n tó gbé nǹkan wọn lọ sórí cloud, ìyẹn server orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń háyà: ohun tí wọ́n bá rà gbé sílẹ̀ ni òfin jẹ́ kí wọ́n jèrè lé lórí, owó tí wọ́n ń san lóṣooṣù ò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, òfin iná tuntun ti dé láti December 2024, NERC sì ti gbé iṣẹ́ yẹn lé LASERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná fún ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́wọ́ ní 2025, wọ́n ní kí Eko àti Ikeja, ilé iṣẹ́ méjì tó ń pín iná níbẹ̀, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ Èkó. Ronú sí i, Eko ń fún Agbára ní iná, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni Agbára. Àkọsílẹ̀ kọ́sítọ́mà wọn gbọ́dọ̀ pín, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń mú wá náà wà. O rántí November 2024, tí gbogbo ilé ń tẹ nọ́ńbà gígùn sínú mítà? Orí ìlànà STS tó ti South Africa wá ni mítà alásansílẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́, tọ́kìn kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣe é nínú, wọ́n sì ń ka ìṣẹ́jú yẹn bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ò lè gbà ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ, ó sì kún ní 24 November 2024. Mítà tí wọn ò bá tíì tẹ nọ́ńbà ìyípadà méjì sí, kò ní gba tọ́kìn mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Èbúté Mẹ́ta ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yẹn, mò ń pe nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà ogún, òmíràn ogún, lẹ́yìn náà ni tọ́kìn gangan, nígbà tá a máa parí, aládùúgbò márùn-ún ti dúró pẹ̀lú ìwé tiwọn lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ ìgbà tó kù dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi tó wá owó fún un.

Lórí ọ̀rọ̀ ààbò, òkè òkun ò fi ṣeré mọ́. December 23, 2015, àwọn kan wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ iná mẹ́ta ní Ukraine, nǹkan bí kọ́sítọ́mà 225,000 ló wà lókùnkùn. May 2021 ni Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà ti páìpù epo wọn pa, ọ̀nà àkáǹtì àtijọ́ kan tí páswọ̀ọ̀dù nìkan ń ṣọ́ làwọn olè gbà wọlé, ilé iṣẹ́ náà sì san dọ́là mílíọ̀nù 4.4 fún àwọn olè yẹn. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti City Power, ilé iṣẹ́ iná ní Johannesburg, July 2019, wọ́n kọlu kọ̀ǹpútà wọn, àwọn èèyàn ní owó lọ́wọ́ wọn ò rí iná rà. Èmi fojú ara mi rí páswọ̀ọ̀dù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta tọ́kìn, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì kan, ọ̀nà táráàlú ń gbà kọjá ló kọjú sí. Mo sọ fún ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bébà yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ní tìẹ, má fi báńkì sílẹ̀ lóṣù yìí. Ohun tó o mọ̀ wúlò, àmọ́ app tuntun kọ́. Èèyàn ra tọ́kìn láago méjì òru, báńkì yọ owó, tọ́kìn ò dé, báńkì ní owó ti lọ, ẹni tó wà láàárín ní òun ti fi ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ iná láwọn ò rí i. Ìwọ ti wà lẹ́yìn irú ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, o mọ bí wọ́n ṣe ń fi àkọsílẹ̀ méjì wé ara wọn títí wọ́n á fi rí ibi tí owó há sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ iná ò pọ̀, owó tó há síbẹ̀ sì ń dun tọ̀tún-tòsì. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, ní Sátidé, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta tọ́kìn. Tó o bá kọ iye tó o fẹ́ gbà sílẹ̀, gbé e wá síbí kó o tó fi ránṣẹ́ sí wọn, yọ orúkọ wọn kúrò, màá bá ẹ wo ìlà dọ́là yẹn.