Ọdún wo ni wọ́n ya sinimá ìkìlọ̀ rélùwéè yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfẹnwá, l'Ábẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń kọ̀wé. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi olóògbé ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nínú àpótí wọn la ti rí agolo pẹlẹbẹ kan tí fíìmù dúdú-òun-funfun wà nínú rẹ̀. Mo nà án sí oòrùn, mo sì rí i pé sinimá tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún aráàlú nípa ojú irin ni. Ọkọ̀ eléèédú wà níbẹ̀, àti géètì tí mọ́tò dúró níwájú rẹ̀, àsíá kan, àti pátákó tí wọ́n kọ ìtanràn £2 sí. Wọ́n kọ SAFETY sí etí fíìmù náà, àmì onígun mẹ́ta méjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní torí ọkọ̀ eléèédú yẹn, ìgbà ogun Hitila ni. Báwo la ṣe lè mọ ọdún rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹrù bàbá. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n yín, ọkọ̀ eléèédú kò lè sọ ọdún fún wa. Nígbà tí ọkọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì dé, eléèédú kò kúrò lójú irin lọ́jọ́ kan náà. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. SAFETY náà kò kan ìkìlọ̀ inú sinimá rárá. Ohun tó ń sọ ni pé ike tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà kì í ṣe nitrate, irú èyí tó máa ń gbiná bí ẹ̀tù.

Onígun mẹ́ta méjì yẹn gan-an ló yẹ ká tẹjú mọ́. Láyé ìgbà yẹn, Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, máa ń tẹ àmì sí etí fíìmù láti fi mọ ọdún tí wọ́n ṣe é: roboto, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, nígbà mìíràn méjì-méjì. Bí ogún ọdún bá pé, wọ́n á tún pa dà sí àmì àkọ́kọ́. Nítorí náà, onígun mẹ́ta méjì lè jẹ́ 1921, 1941, 1961 tàbí 1981. Ẹ fi rúlà wọn ìbú fíìmù náà. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 16, ẹ fa igi lé 1921, torí 1923 ni Kodak gbé ìwọ̀n yẹn jáde.

Ó wá ku àwòrán inú rẹ̀. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo àsíá yẹn. Nínú àwòrán dúdú-òun-funfun, tiwa máa hàn bí ìlà mẹ́ta lóòró, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dúdú díẹ̀, tí àárín sì funfun. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló ní ìlà tó dábùú ara wọn. Bí ó bá jẹ́ tiwa, kò lè ṣáájú 1 October 1960, 1941 ti lọ nìyẹn. Orúkọ Nigerian Railway Corporation lára ọkọ̀ kò ní fi nǹkan kún un, láti 1955 ló ti wà.

Lẹ́yìn náà, apá wo ni mọ́tò ń gbà nídìí géètì? Apá òsì ni gbogbo wa ń gbà ní Nàìjíríà títí di 2 April 1972, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Bí mọ́tò bá wà ní apá òsì, wọ́n ti ya sinimá náà ṣáájú ọjọ́ yẹn. £2 náà dára, ṣùgbọ́n January 1973 ni náírà dé, mọ́tò ti ṣáájú rẹ̀ sọ tiẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí ẹ bá di fíìmù mú ní òdì, òsì á di ọ̀tún. Ẹ kọ́kọ́ ka pátákó ìtanràn yẹn. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá ṣeé kà dáadáa, a jẹ́ pé ẹ di í mú bó ṣe yẹ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ló kù. Ẹ̀dà ló máa wà nínú agolo bẹ́ẹ̀, kì í sábà jẹ́ fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an. Èèyàn sì lè fi fíìmù 1981 ṣe ẹ̀dà àwòrán tí wọ́n yà ní 1965. Ẹ tẹ́ bébà funfun, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ àmì náà. Bí onígun mẹ́ta yẹn bá mọ́ gaara láàárín etí tó dúdú, ara nẹ́gẹ́tífù, ìyẹn fíìmù inú kámẹ́rà tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà, ló ti wá: 1961 ni wọ́n ṣe fíìmù tó wọ kámẹ́rà, torí mọ́tò apá òsì kò jẹ́ kó jẹ́ 1981. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sì í tọ́jú fíìmù tuntun pẹ́ nínú ooru tiwa, nítorí náà 1961 sí bíi 1963 ni màá fọkàn sí. Bí àmì náà bá dúdú lórí etí tó mọ́, ti ẹ̀dà fúnra rẹ̀ ni, 1981 sì lè wọlé pa dà. Nígbà náà, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń kà sẹ́yìn níbẹ̀rẹ̀ fíìmù. Èyí tí ọwọ́ aago ń yí ká nínú rẹ̀, àárín àwọn ọdún 1960 ló jáde. Bí ẹ bá rí i, tí kò sí ojú ìlẹ̀pọ̀ láàárín rẹ̀ àti sinimá, a jẹ́ pé ẹ̀dà yẹn kì í ṣe ti 1961. Ọdún tí wọ́n yà á á ṣì wà láàárín October 1960 sí April 1972.

Ẹ tún wo ìparí fíìmù fún lẹ́tà bíi MCMLXII. Ọdún ni, 1962 nìyẹn. Ẹ má sì torí pé ọwọ́ bàbá ló wà kí ẹ gbà pé afárá odò Ògùn ní Àró ni èyí tí ẹ bá rí nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ afárá ojú irin ló jọra.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ gbóòórùn agolo náà. Bí ó bá ń rùn bíi fínígà, ike rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ó sì ti lè sún kì. Ihò etí rẹ̀ kò ní bá eyín ẹ̀rọ sinimá mu mọ́, ẹ̀rọ á fà á ya. Ẹ má fi sínú ẹ̀rọ kankan. Ẹ gbé e sí ibi tútù tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀ ní Jos bóyá wọ́n lè bá yín sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà.