Bátìrì kẹta rèé, katakata wa kò tún jí láàárọ̀: kí ni ká ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí, ìtòsí Ìsẹ́yìn ni oko wa wà. Katakata Massey Ferguson 135 àtijọ́ la fi ń túlẹ̀. Bí a bá pa á lálẹ́, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, bátìrì á ti kú, àfi ká tì í. Bátìrì kẹta rèé láàárín ọdún méjì. Wáyà inú rẹ̀ ti já jákujàku, táàpù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Rewáyà kan ní ká yọ dáínámò tó ń ṣáàjì bátìrì, ká fi alternator mọ́tò, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, sí i. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bátìrì kẹrin. Bí bátìrì tuntun bá ń kú mọ́jú, yálà nǹkan kan ń fa iná rẹ̀ lóru ni, tàbí kò rí iná gbà padà lójú iṣẹ́. Mítà kékeré ló máa fi èyí tó jẹ́ hàn yín, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá wọn bátìrì. Èyí tó kún dáadáa máa ń ka nǹkan bíi fóòtì 12.6; bó bá ti já sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ wá ṣíná sí i, kó sáré díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4. Bó bá ṣì wà ní 12 àti díẹ̀, kò ṣáàjì rárá. Bó bá kọjá 15, kọ́táòtù (àpótí kékeré tó ń ṣàkóso iná láàárín dáínámò àti bátìrì) ti bàjẹ́, ṣe ló ń se omi bátìrì gbẹ. Ìyẹn náà lè pa bátìrì mẹ́ta.

Ó wá ku ti òru. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, ẹ yí mítà sí áńpù, kí ẹ fi í sáàárín wáyà yẹn àti orí bátìrì. (Ẹ ò gbọdọ̀ ta sítátà nígbà tó wà níbẹ̀, mítà á jó.) Katakata yín kò ní aago, kò ní kọ̀ǹpútà, nítorí náà òdo ló yẹ kó kà. Bó bá ka nǹkan, ẹ tú wáyà tó ti ọ̀dọ̀ dáínámò wá. Bó bá di òdo lójú ẹsẹ̀, ẹnu kọ́táòtù ti lẹ̀ mọ́ra, bátìrì ló ń da iná padà sínú dáínámò títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Òun ni mo fura sí jù nínú àlàyé yín.

Rewáyà yín kò purọ́. Dáínámò Lucas C40, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ẹ̀rọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, kì í mú ju nǹkan bí áńpù 22 wá, bí ẹ̀rọ bá sì ń rọra ṣiṣẹ́, kò mú nǹkan kan wá. Alternator tó mú 35 tàbí 45 wá á máa ṣáàjì kódà bí ẹ̀rọ ò bá sáré. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo èwo nínú orí bátìrì ló so mọ́ ara irin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ irin. Bí ẹ bá gbé alternator sí i bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yí bátìrì padà, kí nẹ́gétíìfù kan irin, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà méjèèjì tó wà lẹ́yìn mítà áńpù ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. Sítátà kò ní í ṣe pẹ̀lú èyí. Ibi kan náà ló máa yí sí.

Ní ti wáyà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáyà ilé onírin kan gbọnrangandan ṣe é, nítorí gbígbọ̀n katakata á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà láìsí ẹni tó máa rí i. Wáyà onírun wẹ́wẹ́ ni kí ẹ rà: 6 mm² láti alternator sí bátìrì, 2.5 mm² fún iná iwájú, okùn bátìrì sí sítátà kò sì gbọdọ̀ kéré ju 35 mm² lọ. Ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ ni wáyà tínínrín alternator máa gbà, kó sì gba inú gílóòbù kékeré onífóòtì 12, wáàtì 2.2. Àwọn míì máa ń yọ gílóòbù yìí dànù pé kò wúlò. Bí kò bá sí, alternator lè má jí rárá.

Ẹ fi fúùsì sí ìtòsí bátìrì. Gílóòbù iwájú méjì tó jẹ́ wáàtì 50 ń jẹ áńpù tó lé ní 8, fúùsì 15 tó o.

Ibi tí mo ti máa ń bá àwọn rewáyà jà ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn okùn tó so bátìrì mọ́ ara irin katakata. Wọ́n á fi bóòtì dè é mọ́ ojú ọ̀dà àti ìpẹtà. Ẹ fi páálí iyanrìn ha irin náà títí á fi dán, kí ẹ tó dè é. Kí ẹ mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ fi ẹnu mítà kan sí nẹ́gétíìfù bátìrì, ìkejì sára ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan ta sítátà. Bó bá ju fóòtì 0.5 lọ, okùn ẹ́ẹ̀tì ló ń jẹ iná yín.

Ẹ dákun, ẹ má gbà kí wọ́n yọ súwíìsì tó ń dènà kí katakata jí bó bá wà nínú gíà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fi sukurudíráfà gbá orí sítátà láti fi jí i. Iwájú táyà ẹ̀yìn gan-an lonítọ̀hún máa ń dúró sí, bí gíà bá sì wọlé, á gùn ún mọ́lẹ̀ kó tó sún. Bí súwíìsì yẹn ti bàjẹ́, tuntun ni kí wọ́n rà.

Lẹ́yìn tí alternator bá ti wọlé, ẹ má tú bátìrì nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó irin mọ́ ọn lára, ẹ tú okùn bátìrì àti wáyà alternator kó tó tan iná.