Ìkòkò tábà wo ni kí n rà láti fi ṣe àwòkọ́ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ni mò ń kọ́ ní Ìtọ́kò, l'Ábẹ́òkúta. Ẹnì kan tó wá wo Olúmọ ní kí n bá òun gbẹ́ ìkòkò tábà ayé àtijọ́, irú tàwọn òyìnbó. N kò di ọ̀kan mú rí. Mo wo ti ilé iṣẹ́ Dunhill lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ ju owó iṣẹ́ náà lọ. Èwo ni mo lè rà tí kò ní gba owó gọbọi lọ́wọ́ mi?

ÌDÁHÙN: Má ra Dunhill, àbúrò mi. Àmì funfun kékeré tó wà lára ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n ń fi há ẹnu, lo máa sanwó fún, àmì ọ̀hún kò sì lè kọ́ ẹ níṣẹ́. Ìkòkò tí kò ní dùn ẹ́ láti fi ayùn là sí méjì ni kí o wá.

Àlòkù ni, kó jẹ́ igi briar, igi táwọn òyìnbó fi ń gbẹ́ ìkòkò tábà, kí ọrùn rẹ̀, ibi tó so orí tí tábà ń jó mọ́ ẹnu, gùn tààrà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní billiard. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ bá ti pa rẹ́ lára rẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá jóná díẹ̀, tí rọ́bà dúdú ẹnu rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ ewé gbígbẹ, ìyẹn ò kàn ẹ́. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń ṣe rọ́bà bẹ́ẹ̀. Kí orí rẹ̀ má ṣáà ti sán. Kí ẹnu ṣeé fà yọ lára ọrùn, kó sì wọlé padà láì máa mì.

Billiard kò ní ibi tó fẹ́ fara pamọ́ sí. Gíga orí rẹ̀ àti gígùn ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà bí o bá ṣì í gbẹ́, ojú ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ẹ.

Kí o tó sanwó, mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, tì í bọ ihò ẹnu rẹ̀, kí o sì máa wo inú orí. Ó yẹ kó yọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ihò tábà parí sí. Bó bá yọ sí ara ògiri lókè díẹ̀, dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ó ti ṣe mí rí ni. Àwòrán orí fóònù ni mo wò gbẹ́ àkọ́kọ́ tèmi. Ó ń dán gbinrin, mo tilẹ̀ ń gbé e káàkiri fi ṣe fáàrí. Kò pẹ́ tí oníbàárà fi gbé e padà: tábà ìsàlẹ̀ kì í jó, ṣe ló ń rin, omi kíkorò sì ń bá èéfín wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ihò èéfín mi ga ju ìsàlẹ̀ lọ tó ìdajì ìka. Àwòrán wo ló máa fi ìyẹn hàn ẹ́?

Torí náà, bó bá ti délé, fi rúlà wọn gbogbo ara rẹ̀, kí o yà á sínú ìwé. Fa ẹnu rẹ̀ yọ, tọ́jú ẹ. Wá di igi náà mọ́ fáìsì, kí o fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ là á láti etí orí títí dé òpin ọrùn. Ihò tábà á fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20, ìdí rẹ̀ á rí roboto bí ìdí ẹyin. Ihò èéfín á wà láàárín mìlímítà 3.5 sí 4. Wàá rí i bí méjèèjì ṣe pàdé. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè lu irú ihò yẹn gún lára igi tó ti yí roboto. Nígbà tí igi bá ṣì ní igun mẹ́rin ni kí o lu ihò, lẹ́yìn náà ni kí o tó gbẹ́ ara rẹ̀.

Fi Peterson ti Ireland sílẹ̀ ná. Ó dáa, àmọ́ oríṣi tí wọ́n ń pè ní System ní kòtò nínú ọrùn tí omi ń dúró sí, ihò ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè. Àdììtú ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Missouri Meerschaum ti Amẹ́ríkà kò wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kùùkù àgbàdo ni orí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ní ti igi, kókó tó wà nídìí igi kékeré kan létí òkun Mẹditaréníà ni briar. Wọ́n á sè é, wọ́n á sá a fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ìlú Saint-Claude ní ilẹ̀ Faransé gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ náà. Amọ̀ sísun ni tàwọn bàbá tiwa, ìkòkò náà la sì ń pè é títí dòní. Èmi máa ń lo gúáfà tó ti gbẹ dáadáa. Má fọwọ́ kan ìrókò fún èyí, eruku rẹ̀ máa ń ta èèyàn lójú, ó sì ń há ni láyà. Má sì kun fáníìṣì sínú ibi tí iná máa wà.

Ẹnu tí mo ní kí o tọ́jú yẹn ńkọ́? Fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tinú tòde, fi sáńpépà tó kúnná jù yọ àwọ̀ ewé yẹn kúrò, kí o wá lu ihò ọrùn tuntun ní ìwọ̀n ìdí rẹ̀. Òun lo máa kì bọ iṣẹ́ oníbàárà rẹ.