Ẹ má jẹ́ kí oníkálukú ju dáìsì tirẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́rin pẹ̀lú ẹni tó máa darí eré fẹ́ bẹ̀rẹ̀ D&D. Eré ìtàn ni, kálukú á ṣe akọni kan, dáìsì á sì sọ bóyá ohun tó fẹ́ ṣe máa bọ́ sí i. Nọ́ńbà mẹ́fà ló ń sọ ohun tí akọni kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ẹnìkan nínú yín ti fàáké kọ́rí pé dáìsì lẹ máa fi mú nọ́ńbà Strength (agbára), Dexterity (ìyára ara) àtàwọn mẹ́rin yòókù. Àwọn tó kù ní kí ẹ fi póìǹtì rà á. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń darí eré yìí nílùú Adó-Èkìtì níbí, ọ̀nà méjèèjì ló sì ti jẹ mí níyà.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, lúdò méjì la tú kí dáìsì lè pé mẹ́rin. Kálukú á ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á yọ èyí tó kéré jù, á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Ìgbà mẹ́fà ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan jù ú lórí ẹní, 18 ló kọ́kọ́ jáde. Ariwo tá a pa mú kí màmá mi fi ọmọ odó sílẹ̀ wá wò wá. 16 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 15, 14, 13, 11. Ó wá kan àbúrò kan tó máa ń ti Ìkẹ́rẹ́ wá: 9, 7, 12, 10, 6, 11. Mo rí i bó ṣe kọ 6 yẹn sínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ tín-ín-rín, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó yẹ kí n ní kó tún gbogbo rẹ̀ jù. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ohun tí dáìsì bá ti sọ la máa gbà.

Fighter, ìyẹn jagunjagun, làwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣá idà, dáìsì olójú ogún ni wọ́n máa jù, wọ́n á wá ro àfikún tí Strength wọn fún wọn mọ́ ọn: 18 máa ń fúnni ní +4, 12 ń fúnni ní +1. Ìyàtọ̀ yẹn ni pé nínú idà ogún tí wọ́n bá jọ ṣá, mẹ́ta wà tó máa ba ọ̀tá lọ́wọ́ ẹnìkan, tó máa lọ lófo lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ kẹrin, àbúrò yìí ní òun ní lẹ́sìnnì. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, kò gbé fóònù mọ́. Mo wọkọ̀ lọ bá a ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo wá, bí mi ò wá, ọ̀kan náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Bí mo ṣe gba póìǹtì nìyẹn. 27 lẹ máa ná. 8 ni gbogbo nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀, 15 sì ni òpin. Póìǹtì 9 ni wọ́n ń ra 15, póìǹtì 7 ni wọ́n ń ra 14. Kò sẹ́ni tó rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Àmọ́ láàárín oṣù mélòó kan, gbogbo wọn ti mọ ìṣirò ẹ̀: 15 mẹ́ta, 8 mẹ́ta, ó tán. Gbogbo akọni wá jọra bí ìbejì, kò sì sí ariwo mọ́. Ẹni tó fàáké kọ́rí lọ́dọ̀ yín yẹn, ariwo yẹn ló ń wá, mi ò sì dá a lẹ́bi.

(Tó bá ní kí ẹ ju dáìsì mẹ́ta péré, kí ẹ tò ó bó ṣe jáde bí wọ́n ti ń ṣe ní 1974 tí eré yìí kọ́kọ́ jáde, ẹ má gbà. Láyé ìgbà yẹn, Strength kì í fi nǹkan kan kún idà yín. Ní báyìí, òun ló gbé ìjà dúró.)

Ohun tá à ń ṣe báyìí rèé: ẹ̀yin mẹ́rin, kálukú á ju nọ́ńbà kan, ẹni tó ń darí á ju méjì. Dáìsì mẹ́rin náà ni, ẹ yọ èyí tó kéré jù. Ẹ kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí páálí kan. Mẹ́fà yẹn náà ni gbogbo yín máa lò, kálukú á tò ó bó ṣe wù ú. Bí àpapọ̀ rẹ̀ ò bá tó 72, ẹ tún èyí tó kéré jù níbẹ̀ jù. Mo mú 72 torí òun ni àpapọ̀ 15, 14, 13, 12, 10, 8 tí ìwé eré fúnra rẹ̀ tò sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ju 18, gbogbo yín lẹ ni ín, gbogbo yín lẹ jọ máa pariwo.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fàáké kọ́rí yẹn kọ́kọ́ jù.